Bí a ṣe ń ya ère Sámsónì pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì ní ìlànà Tintoretto

Ẹ kú ìkàlẹ̀. Lónìí, a ó fi ṣọ́ọ̀kì dúdú àti funfun ya ère Sámsónì sórí bébà aláwọ̀ búlúù, gẹ́gẹ́ bí Jacopo Tintoretto, ayàwòrán ìlú Venice tó kú ní 1594, ti máa ń ṣe é. Michelangelo, agbẹ́re ará Ítálì, ló ṣẹ̀dá ère náà: Sámsónì gbé apá sókè láti lu àwọn Filístínì tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò gbẹ́ ẹ sára òkúta mábù rárá, àwòṣe kékeré nìkan ló ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀dà àwòṣe yẹn tàn dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọnà, Tintoretto sì yà á láìmọye ìgbà.

Ẹ gbé ère yín sórí tábìlì, ẹ pa gbogbo iná yàrá, kí ẹ wá tan àtùpà kan ṣoṣo sí apá òsì, kí ó ga ju orí ère lọ díẹ̀. Bí iná bá di méjì, òjìji yóò dàrú mọ́ yín lójú.

Àkísà búlúù ni àwọn ará Venice fi ń ṣe irú bébà yìí láyé àtijọ́. Òun gan-an ni yóò ṣe ìdajì iṣẹ́ náà, nítorí pé níbikíbi tí kò mọ́lẹ̀ gbòò, tí kò sì ṣókùnkùn, ẹ ó fi bébà sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ojú. Ẹ dá ṣọ́ọ̀kì dúdú dùbúlẹ̀ díẹ̀, kí ẹ rọra fa ìlà ọ̀pá ẹ̀yìn láti ọrùn dé ìbàdí, nítorí ibi tí ara Sámsónì ti lọ́ ni gbogbo agbára rẹ̀ wà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìlà tó tẹ̀ yí iṣan kọ̀ọ̀kan ká; ìlà Tintoretto kì í lọ tààrà, ńṣe ló máa ń wú níbi tí iṣan bá ti yọ. Abẹ́ apá àti àárín itan ni kí ẹ ti tẹ ọwọ́ mọ́ ṣọ́ọ̀kì dáadáa.

Funfun ló kẹ́yìn. Èmi kì í lo ṣọ́ọ̀kì ilé ìwé, torí pé ó máa ń gbọ̀n dànù. Ẹ fi funfun kan èjìká, eékún àti ibi tí àtùpà ti ń tàn sí gan-an, kí bébà díẹ̀ sì wà láàárín rẹ̀ àti dúdú. Bí méjèèjì bá pò mọ́ra, àwọ̀ eérú ni yóò kù síbẹ̀.

Ẹ wá yí ère náà kí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sí yín, ẹ má ṣe sún àtùpà, kí ẹ sì mú bébà mìíràn.