Ubuntu yín ò jẹ́ kẹ́ ẹ wọlé mọ́? Ẹ má tíì fọ́máàtì ẹ̀

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Kọ̀ǹpútà tó ń lo Ubuntu, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, là ń bá wí lónìí, èyí tẹ́ ẹ máa tẹ pásíwọ́ọ̀dù sí, ojú ẹ̀ á ṣú díẹ̀, á tún dá yín padà síbi tẹ́ ẹ ti ń tẹ pásíwọ́ọ̀dù, ẹ tún tẹ̀ ẹ́, ó tún dá yín padà. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ti gbé e dìde pé àwọn ń lọ fọ́máàtì ẹ̀, owó á lọ, fọ́tò á bá a lọ. Ẹ fi í sílẹ̀ ná. Lọ́pọ̀ ìgbà dísìkì ló kún, kò ríbi kọ nǹkan sí, ni ò ṣe lè gbé ojú iṣẹ́ yín jáde.

Ẹ tẹ Ctrl, Alt àti F3 pa pọ̀. Ojú ẹ̀ á dúdú, á wá bi yín lórúkọ. Ẹ kọ orúkọ tẹ́ ẹ fi ń wọlé, ẹ tẹ pásíwọ́ọ̀dù, ẹ ò ní rí nǹkan kan tó ń jáde o, kódà ìràwọ̀ kékeré yẹn ò ní hàn, kíbọ́ọ̀dù yín ò bàjẹ́, wọn ò kàn fẹ́ kí ẹni tó dúró lẹ́yìn yín ka iye lẹ́tà ẹ̀ ni. Ẹ tẹ Enter.

Ó yá, ẹ kọ èyí:

df -h

Ẹ wá ìlà tí / nìkan wà níparí ẹ̀. Tó bá ti pé 100%, ọwọ́ ti tẹ olè. Ẹ lè ní ṣé ó kún tán, báwo la ṣe wá wọlé síbí? Ibí ò nílò àyè tó pọ̀, àti pé dísìkì ext4, irú èyí tí Ubuntu sábà máa ń lò, máa ń pa ìdá 5 nínú 100 mọ́ fún root, ọ̀gá pátápátá lórí kọ̀ǹpútà, nìkan, ìyẹn ni sudo, àṣẹ tó ń fi agbára root ṣiṣẹ́, ṣe ṣì máa ráyè ṣiṣẹ́.

Ẹ má sáré pa nǹkan rẹ́, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó jẹ àyè:

sudo du -xh --max-depth=1 / | sort -h

Ó lè pẹ́ díẹ̀, ẹ ṣe sùúrù. Ìlà tó gbẹ̀yìn ni àpapọ̀, àwọn tó wà lókè ẹ̀ gan-an ló tóbi jù. Tó bá jẹ́ /var ni, ẹ kọ sudo apt clean, á kó àwọn fáìlì tí apt-get, ohun tí Ubuntu fi ń gbé ètò wọlé, ti dáúnlóòdù tì síbẹ̀ dànù, lẹ́yìn náà ẹ kọ sudo journalctl --vacuum-size=200M, á gé àkọsílẹ̀ àtijọ́ kù. Tó bá wá jẹ́ /home, ẹrù tiyín nìyẹn, fíìmù ló sábà máa ń jẹ́, a mọ ara wa. Ẹ wo ~/.local/share/Trash pẹ̀lú (~ yẹn ni fódà tiyín nínú /home), gbogbo ohun tẹ́ ẹ rò pé ẹ ti pa rẹ́ ṣì jókòó síbẹ̀. Àmọ́ rm, àṣẹ tẹ́ ẹ máa fi kó o kúrò, ò ní Trash tiẹ̀ o, ohun tó bá pa ti lọ nìyẹn, ẹ ka orúkọ fódà yẹn lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ tó tẹ Enter.

Tí df bá ní àyè ṣì wà ńkọ́? Ẹ kọ ls -la, á to àwọn fáìlì yín pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ni wọ́n. Tẹ́ ẹ bá rí root níbi tó yẹ kórúkọ yín wà, ẹnì kan ti fi sudo ṣí nǹkan tí ò yẹ kó fi ṣí i, àwọn kan ń da sudo sí gbogbo nǹkan bí ẹni ń da máàgì sọ́bẹ̀. Ẹ gbà á padà:

sudo chown -R $USER: ~

Ní báyìí ẹ kọ sudo systemctl restart gdm3, á tún ojú ìwé ìwọlé bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ wá gbìyànjú àtiwọlé. Tí ojú ẹ̀ ò bá yí fúnra ẹ̀, Ctrl, Alt àti F1. Tẹ́ ẹ bá ti wọlé, ẹ padà sí F3 kẹ́ ẹ kọ exit, torí ẹ ò tíì jáde níbẹ̀, ẹni tó bá tẹ F3 lẹ́yìn yín ò ní nílò pásíwọ́ọ̀dù kankan.