Ìdànrè: Ìlú ti sọ̀ kalẹ̀, òkè ò tíì fi í sílẹ̀

[Àwòrán: kòkó lórí òkúta, ọwọ́ ìyá kan ń tẹ́ ẹ]

Ẹ wo òkúta yìí dáadáa. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ló wà. Ìyá onílé ti gbá orí ẹ̀ láti àárọ̀ bí ẹni ń gbá pálọ̀, ó ti da kòkó sí i, ó ń fọwọ́ tẹ́ ẹ kí oòrùn lè kan gbogbo ẹ̀. Ọmọ kan jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, igi lọ́wọ́ ẹ̀, adìyẹ ló ń lé. Ẹ wá rọra gbójú sókè. Òkúta tí kòkó wà lórí ẹ̀ yẹn ò parí síbẹ̀. Ó ń gòkè lọ ni. Ó ga ju òrùlé lọ, ó ga ju òpó iná lọ, ó ga ju ọ̀pẹ lọ, títí ọrùn á fi dun èèyàn. Ìdànrè nìyẹn, ní ìpínlẹ̀ Òǹdó, nǹkan bí 20 kìlómítà sí Àkúrẹ́.

Bí a ṣe ń pè é ní ìlú kan yẹn, mẹ́ta ni wọ́n: Aládé, Àtòsin àti Òdodé. Àwọn kan sọ pé ìyanu ló bá àwọn tó kọ́kọ́ rí òkè náà, ni wọ́n bá pariwo pé, "Ìdán rè é!" Bóyá bẹ́ẹ̀ ni, bóyá bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tó bá ti Àkúrẹ́ wá, tó yí kọ́nà kan, tí òkè náà ṣàdédé yọ sí i, ò ní bá wọn jiyàn.

Fídíò nípa Ìdànrè pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, àlejò ló ń ka àtẹ̀gùn, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tó ya fọ́tò, tó sì ti padà sí Àkúrẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò burú. Àwa náà máa gun òkè láìpẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ń wù mí jù ni ohun tí òkè yìí ń bá àwọn tó ń gbé ìdí ẹ̀ fà lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ ká bi òkúta fúnra ẹ̀ léèrè ibi tó ti wá. Inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún ló wà tẹ́lẹ̀, nígbà tó ṣì gbóná, tó ń ṣàn bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì. Abẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ ló ti tutù, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń tutù. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ní ó ti tó nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún. Tí ẹ bá sún mọ́ ọn, ẹ máa rí hóró funfun ńláńlá nínú ara ẹ̀. Torí pé kò kánjú dì ni hóró yẹn ṣe ráyè tóbi. Lẹ́yìn náà, òjò àti ọ̀gbàrá bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ ilẹ̀ tó bò ó lọ, títí orí ẹ̀ fi yọ. Nígbà tí ẹrù tó wà lórí ẹ̀ fúyẹ́, ara dẹ̀ ẹ́, ó sì ń ṣí ní ìpele ìpele bí àlùbọ́sà. Ìdí tí orí gbogbo òkè yìí fi pá, tí wọ́n sì rí rìbìtì, nìyẹn.

Ìyẹn nípa òkè ńlá. Àwọn ọmọ ẹ̀ kéékèèké wà káàkiri ìlú, láàárín ilé àti ilé. Ẹni tó ra ilẹ̀ tí àpáta wà láàárín ẹ̀, ó ní ọ̀nà méjì. Ó lè dáná lé e bí wọ́n ti ń ṣe láyé àtijọ́, kó gbóná títí á fi sán, kó wá máa fi òòlù fọ́ ọ. Tàbí kó fi í sílẹ̀ níbẹ̀, kó kọ́ ilé ẹ̀ yí i ká. Òkúta ń jẹ oòrùn lọ́sàn-án, á sì máa pọ̀ ọ́ lálẹ́. Ẹni tí yàrá ẹ̀ bá kọjú sí àpáta mọ ohun tí mò ń sọ.

Ṣùgbọ́n ooru tí ò jẹ́ kí onílé sùn yẹn ni kòkó ń fẹ́.

Kòkó ló ń bọ́ ọ̀pọ̀ ilé níbí, ìpínlẹ̀ Òǹdó sì wà lára àwọn tí kòkó ti ń jáde jù ní Nàìjíríà. Kí ó tó dé orí òkúta, wọ́n ti fọ́ ọ lóko, wọ́n ti kó hóró ẹ̀ jọ, wọ́n ti fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà. Nǹkan funfun tó dùn tó wà lára ẹ̀ á máa ṣàn dànù, inú òkìtì náà á gbóná gan-an. Ibẹ̀ ni òórùn tí wọ́n ń rà lówó iyebíye nílùú òyìnbó ti ń bẹ̀rẹ̀. Àgbẹ̀ tó bá kánjú, tó sá a láì bò ó, kòkó ẹ̀ á korò. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan sísá, ó lè gba ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀. Lórí òkúta, ooru ń ti òkè bọ̀, ooru ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀. Wọ́n á máa yí i, wọ́n á máa ṣa ìdọ̀tí kúrò. Tó bá gbẹ, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kí ẹ fún un pọ̀, á dún ṣàkàṣàkà. Ẹni tó fẹ́ rà á náà máa fún un bẹ́ẹ̀ kó tó dárúkọ owó. Etí ni wọ́n fi ń ra kòkó, kì í ṣe ojú.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń sá a sórí títì. Mo ti rí i, ẹ̀yin náà ti rí i, táyà ń kọjá lórí ẹ̀, ọ̀dà títì ń rùn sí i. Èmi ò lè yìn ín. Ẹni tí Ọlọ́run fún ní àpáta lẹ́yìnkùlé, kí ló ń wá lójú títì?

[Àwòrán: ẹsẹ̀ àwọn èèyàn lórí àtẹ̀gùn]

Ó yá, ẹ jẹ́ ká gòkè. Àtẹ̀gùn yìí lé ní 600, ibi ìsinmi márùn-ún ló wà lójú ọ̀nà. Ẹ má tijú láti jókòó ní gbogbo ẹ̀. Ẹ tún wá rò ó wò: títí di 1923, orí òkè yìí ni gbogbo ìlú ń gbé. Ufẹ̀ Òkè ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Ẹ gbọ́ bí orúkọ yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀. Yorùbá tí a ń kọ nínú ìwé kì í fi "u" bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ní ìhà ibí yìí, "Ifẹ̀" lè di "Ufẹ̀", kó sì máa dùn lẹ́nu wọn.

Gbogbo iyọ̀ tí wọ́n jẹ lókè níbẹ̀, orí èèyàn ló gbé e gòkè. Gbogbo ìyàwó tí wọ́n gbé, ẹsẹ̀ ara ẹ̀ ló fi wọlé ọkọ. Kí ló dé tí wọ́n fi gbà bẹ́ẹ̀? Ogun ni. Ẹni tó bá fẹ́ kó ìlú yìí lẹ́rú, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gun òkè, kí àwọn tó wà lókè sì máa wò ó bó ṣe ń bọ̀. Nígbà tí ogun tán, àǹfààní yẹn tán, wàhálà ẹ̀ ló kù. Mọ́tò ò lè gun àpáta. Kòkó ò lè hù lórí àpáta. Lójú tèmi, kòkó wà lára ohun tó fà wọ́n sọ̀ kalẹ̀: ẹni tí oko ẹ̀ ń mówó wọlé nísàlẹ̀, ta ni yóò máa gòkè padà lálaalẹ́?

Ààfin àtijọ́ ti Ọwá, ọba Ìdànrè, ṣì wà níbẹ̀, pẹ̀lú ilé ẹjọ́ àtijọ́, ilé agogo àti àwọn ibi ìsìnkú. Torí gbogbo ìwọ̀nyí ni Nàìjíríà ṣe fi Òkè Ìdànrè sínú ìwé àwọn ibi tó ń retí kí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, gbà wọlé bí ogún gbogbo ayé, lọ́dún 2007. Ó ṣì ń retí.

Ẹsẹ̀ Agbóògùn ló ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ojú ẹsẹ̀ ni, lára òkúta. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni tó bá tẹ̀ ẹ́ máa ṣe wẹ́kú sínú ẹ̀, ti ọmọdé, ti àgbà, àfi ti àjẹ́. Ẹ dúró síbẹ̀ kí ẹ máa wo ojú àwọn àlejò. Ẹni tó ní òun ò gba àjẹ́ gbọ́ gan-an máa ń rọra gbé ẹsẹ̀ sí i.

Ẹ wo ìlà dúdú tó ti orí òkè ṣàn wálẹ̀, bí ẹni da epo sí i lára. Kì í ṣe ìdọ̀tí. Ohun ẹlẹ́mìí ni, wọ́n kéré débi pé ojú ò lè rí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ibi tí omi òjò ń gbà ni wọ́n ń gbé. Ibi tútù lára òkúta bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀lọ́ kan ń tọ́ ọmọ sí. Ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ tí a mọ̀, inú adágún ló ti ń fi ìrù wẹ̀. Ti ibí yìí, ara òkúta tó tutù ló ń lẹ̀ mọ́. Sclerophrys perreti ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é, ọdún 1963 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ nípa ẹ̀, wọn ò sì tíì rí i níbòmíràn yàtọ̀ sí òkè Ìdànrè. Lẹ́yìn náà, fún ohun tó lé ní 40 ọdún, onímọ̀ kankan ò tún fojú kàn án, àfi ìgbà tí ìròyìn jáde lọ́dún 2014 pé ó ṣì wà. Èmi ò rò pé ọ̀pọ̀lọ́ náà mọ̀ pé òun sọnù.

Ẹran kan tún wà lókè yìí tí kò nírù, tó tóbi ju òkété lọ, rock hyrax ni òyìnbó ń pè é. Ẹbí òfàfà tí ń han lórí igi lóru ni. Erin sì wà lára ẹbí ẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù láyé lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ má bi mí léèrè bó ṣe jẹ́, ẹ wo eyín ẹ̀.

Ó wá ku àdán. Ihò wà nínú àpáta níbí tí àdán ń gbé, àwọn tó ń jẹ èso ni. Ọdún kan wà tí wọ́n ń ṣe, tí àwọn ọkùnrin á wọ inú ihò lọ kó wọn. Wọ́n ń jẹ ẹ́, wọ́n ń fi tọrẹ. Lọ́dún 2010 àti 2013, àwọn onímọ̀ ìlera wá síbẹ̀. Wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ nípa èèyàn 2,112. 213 nínú wọn ti fara kan àdán rí, àdán ti gé 52 jẹ. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àdán wò: ó ju ìdajì wọn lọ tó ní àmì pé wọ́n ti bá àwọn ìbátan kòkòrò tó ń fa dìgbòlugi pàdé. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ èèyàn wò, wọn ò rí àmì yẹn lára ẹnì kankan.

Mi ò wá sọ fún ará Ìdànrè pé kí wọ́n má ṣọdún wọn. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tó ti fara kan àdán tí wọ́n yẹ̀ wò, ẹni mẹ́ta péré ló ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, ìyẹn ò sì dáa. Tí àdán bá gé yín jẹ tàbí tó ha yín, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà. Ẹ má dúró de ara gbígbóná. Dìgbòlugi kì í gbóògùn mọ́ tó bá ti fara hàn. Ìbọ̀wọ́ tó nípọn náà ò wọ́n.

[Ohùn ààrá, láti ọ̀nà jíjìn]

Ẹ gbọ́ ìyẹn? Ìkùukùu ti bo orí òkè. Ẹ jẹ́ ká tètè máa sọ̀ kalẹ̀, òkúta yìí máa ń yọ̀ gan-an tí omi bá kàn án. Láti ibí, mò ń rí ẹ̀yìnkùlé ìyá yẹn nísàlẹ̀. Òun náà ti rí i. Ó ti fa tapólì yọ, ó ń pe ọmọ ẹ̀ pé kó fi adìyẹ sílẹ̀, kó wá bá òun gbá kòkó jọ.