Ọgbọ́n Àtọwọ́dá Nídìí Iṣẹ́ Ìkọ́lé: Àkọsílẹ̀ Ọwọ́ Wa Ni Yóò Gbé E Ró

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn agbaṣẹ́ṣe, àwọn ọ̀gá bíríkìlà àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin àgbà nídìí iṣẹ́ ìkọ́lé, ẹ̀yin agbaṣẹ́ṣe, ẹ̀yin ọ̀gá bíríkìlà àti kápẹ́ńtà, àti ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ti yunifásítì LAUTECH wá, mo kí yín, ẹ kú ìjókòó. Quantity surveyor ni wọ́n ń pe irú wa. Kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀ ni a ti máa ń sọ iye búlọ́ọ̀kù, iye irin, iye sìmẹ́ǹtì àti iye owó tí iṣẹ́ yóò gbà. Kọ̀ǹpútà ti ń bá wa ṣe é báyìí, òun ni wọ́n sì ní kí n wá sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ̀rù ń ba àwọn kan pé AI, ìyẹn ọgbọ́n àtọwọ́dá, yóò gba oúnjẹ ẹnu wọn. Àwọn mìíràn gbà pé tó bá ti dé, ìṣirò kò ní bà jẹ́ mọ́. Ohun tí mo bá wá yàtọ̀ sí méjèèjì. Ọgbọ́n àtọwọ́dá kò lè mọ iṣẹ́ wa kọjá bí àwa fúnra wa bá ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ a kò tíì máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ìṣirò ń já kulẹ̀ mọ́ lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ Sydney Opera House ní Australia, wọ́n ní mílíọ̀nù 7 dọ́là ti ilẹ̀ wọn ni yóò ná wọn, wọ́n sì fojú sí ọdún 1963. Ọdún 1973 ni wọ́n ṣí i, mílíọ̀nù 102 ló sì gbà. Bent Flyvbjerg, ọ̀jọ̀gbọ́n ọmọ ilẹ̀ Denmark, kó ìtàn iṣẹ́ ńláńlá tó lé ní 16,000 jọ láti orílẹ̀-èdè tó lé ní 130. Nínú 100, iṣẹ́ tó parí lásìkò tí kò sì kọjá owó tí wọ́n dá lé e kò ju 8.5 lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń gba ojú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ láti ọdún pípẹ́ mọ ohun tí iṣẹ́ tí kò parí bọ̀rọ̀ ń gbà lọ́wọ́ ará ìlú.

Kí ló ń fa èyí? Daniel Kahneman àti Amos Tversky, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ti tọ́ka sí i láti 1979. Ẹni tó ń ṣírò kì í wò ju iṣẹ́ tó wà níwájú rẹ̀ lọ. Kì í bi ara rẹ̀ léèrè pé àwọn irú rẹ̀ tó ti kọjá, báwo ni wọ́n ṣe parí? Ibí yìí gan-an ni AI ti lè wúlò fún wa, nítorí pé inú ohun tó ti kọjá ló ti ń kẹ́kọ̀ọ́.

Kíka nǹkan lára àwòrán ilé ni iṣẹ́ tó rọrùn fún un jù. Ilẹ̀kùn, fèrèsé, gígùn ògiri, fífẹ̀ dẹ́kì: ohun tí a ń fi rúlà wọ̀n fún ọjọ́ púpọ̀, ó lè kà á láàárín wákàtí díẹ̀, bí àwòrán bá ti mọ́ dáadáa. Ó tún lè wo fọ́tò tí drone yà lójú iṣẹ́, kó fi wé ètò, kó sì sọ pé òpó apá àríwá ti pẹ́ sẹ́yìn. Ó dára bẹ́ẹ̀, n kò ní pẹ́ lórí ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ àkókò ló yẹ kí a dúró lé díẹ̀. Láti 1957 ni àwọn ẹnjiníà ilé iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà ti ń fi kọ̀ǹpútà to iṣẹ́ tẹ̀lé ara wọn, kí wọ́n lè mọ èyí tó jẹ́ pé bó bá pẹ́, gbogbo iṣẹ́ ló pẹ́. Èyí tuntun ni pé ẹ̀rọ lè ṣe iṣẹ́ kan náà ní ìgbà 10,000 nínú kọ̀ǹpútà kí a tó gbé ṣọ́bìrì. Nígbà kan, òjò dá iṣẹ́ dúró fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà mìíràn, ọjọ́ mọ́kànlá. Nígbà kan, gíráńáìtì dé lọ́jọ́ tó yẹ. Nígbà mìíràn, típà bà jẹ́ lọ́nà. Nígbà tó bá parí, kò ní dá ọjọ́ kan ṣoṣo fún yín. Yóò sọ pé nínú ìgbà 100, ìgbà 80 ni dẹ́kì yóò ti dì kí oṣù Kọkànlá tó wọlé. Ẹni tó bá ń bá onílé dá àdéhùn mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti níye lórí tó. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mélòó ni òjò máa ń dá wa dúró ní Ògbómọ̀ṣọ́ nínú oṣù Kẹsàn-án, lẹ́yìn tí ti oṣù Kẹjọ bá ti sinmi díẹ̀? Ta ló kọ ọ́ sílẹ̀ nínú wa?

Ẹ dán an wò lórí fóònù yín. Ẹ bi ChatGPT, AI tó ń dáhùn ìbéèrè, léèrè iye àpò sìmẹ́ǹtì tí mítà kúbíìkì kan kọnkéré 1:2:4 (sìmẹ́ǹtì kan, yanrìn méjì, gíráńáìtì mẹ́rin) ń gbà. Yóò ní bíi mẹ́fà sí mẹ́fà àbọ̀. Òótọ́ ni, torí ó ti kà á nínú ìwé. Ẹ wá bi í pé bíríkìlà mẹ́rin àti lébìrà mẹ́fà, ọjọ́ mélòó ni wọn yóò fi to búlọ́ọ̀kù ilé oníyàrá mẹ́rin ní àdúgbò Under G nígbà òjò? Bó ṣe fi ìdánilójú dáhùn ti àkọ́kọ́ náà ni yóò fi dáhùn èyí, láìjẹ́ pé ó rí i níbì kankan. Ó dà bí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó jáfáfá, tó kọ́ṣẹ́ ní ìlú òyìnbó, tí kò sì tíì tẹ ilẹ̀ wa rí.

Ìdí tí kò fi rí i ni pé ara ògiri la ń kọ ọ́ sí. Gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá bíríkìlà yóò mú èédú tàbí pẹ́ńsùlù, yóò fa ìlà sára búlọ́ọ̀kù: típà yanrìn mẹ́ta, àpò sìmẹ́ǹtì ogójì, búlọ́ọ̀kù tó fọ́ mẹ́tàdínlógún. Àkọsílẹ̀ tó péye ni. Nígbà tó bá di ọjọ́ tí wọ́n ń rẹ́ ògiri, wọ́n á rẹ́ ẹ mọ́lẹ̀. Ogójì ọdún iṣẹ́ àwọn baba wa ń bẹ lábẹ́ ògiri ìlú yìí báyẹn, ó sì ń dùn mí.

Ẹ jẹ́ kí n mú irin ṣe àpẹẹrẹ, torí pé ẹ̀mí wà nídìí rẹ̀. Irin 12mm tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 12 yẹ kó wọn nǹkan bíi kílò 10.7. Nínú tọ́ọ̀nù kan, a ò lè rí ju ẹyọ 93 tàbí 94 lọ. Bí wọ́n bá ka bíi 111 fún yín, 11mm ni wọ́n tà fún yín, ẹyọ kọ̀ọ̀kan kò sì tó kílò 9 pé. Ó dà bí ohun kékeré lójú, àmọ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà irin inú òpó yẹn ti lọ. Àwòrán sọ pé 12, kọ̀ǹpútà kà á sí 12, èyí tó wọ inú kọnkéré jẹ́ 11. Kò sí AI tó lè mọ èyí láti inú àwòrán. Ẹni tó mú kálípà tí a fi ń wọn sísanra irin àti òṣùwọ̀n dání lójú iṣẹ́ ló lè mọ̀ ọ́n. Tó bá sì kọ ọ́ sílẹ̀ lórí ogún iṣẹ́, pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti ra irin náà, ẹ̀rọ lè kìlọ̀ fún wa lórí ìkọkànlélógún kí owó tó jáde.

Àwọn kan yóò ní, “A ní rìsíìtì nílé.” Rìsíìtì dára, ṣùgbọ́n owó nìkan ló máa ń wà lórí rẹ̀, owó sì ń bà jẹ́. Ẹ rántí pé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà 2023, nǹkan bíi ₦470 ni dọ́là kan ní báńkì; kí oṣù Kejì 2024 tó parí, ó ti kọjá ₦1,500. Ẹ̀rọ tó fi iye owó 2022 kẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣi onílé lọ́nà pátápátá. Àmọ́ iye àpò tí kọnkéré ń gbà kò yí padà ní 2023. Iye búlọ́ọ̀kù tí bíríkìlà kan ń tò láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ kò yí padà. Nítorí náà, iye nǹkan àti iye ọjọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ, kí ẹ wá kọ owó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti ọjà tí ẹ ti rà á. Nígbà tó bá di ìṣirò, a ó fi owó òní sórí iye àná.

Nígbà tó kan ìbéèrè, bàbá kan tó ti pẹ́ nídìí bíríkìlà dìde, wọ́n ní, “Ọmọ mi, àwa tí a kò kàwé púpọ̀ ńkọ́, ta ni yóò máa bá wa kọ ọ́?” Mo ní: Ẹ̀yin bàbá, ẹ má kọ nǹkan kan. Ẹ fi Yorùbá sọ ọ́ sínú WhatsApp ní ìrọ̀lẹ́: àwọn tó wá síṣẹ́, ohun tí wọ́n ṣe, ìgbà tí òjò dé àti ìgbà tó dá, ohun tó ṣẹ́ kù. Ẹ ya fọ́tò ara ògiri náà kí wọ́n tó rẹ́ ẹ. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí yóò tò ó sórí kọ̀ǹpútà, èyí á sì wúlò fún un ju ọ̀pọ̀ nǹkan tó ń dà kọ lọ.

Agbaṣẹ́ṣe kan bẹ̀rù pé bí òun bá kó ìwé òun sílẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ òun yóò mọ èrè òun. Ẹ̀rù yẹn tọ́. Kí wọ́n yọ owó kúrò, kí wọ́n fi iye nǹkan àti iye ọjọ́ sílẹ̀. Kò sí èrè ẹnikẹ́ni nínú pé ògiri tó jẹ́ mítà kan ní gígùn àti mítà kan ní gíga gba búlọ́ọ̀kù mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ló béèrè kẹ́yìn: bí ìṣirò ẹ̀rọ bá ṣìnà, ta ni yóò jẹ́jọ́? Ẹni tó fọwọ́ sí i ni. Mo ti rí i tí ẹnìkan tẹ ìwé ìṣirò jáde látinú kọ̀ǹpútà, tó sì buwọ́ lù ú láìṣí ojú ewé kejì. Kò dára rárá. Ẹ mú ìlà márùn-ún tí owó wọn pọ̀ jù, ẹ fi ọwọ́ ara yín tún un ṣe. Bí mẹ́rin bá bá a mu tí ìkarùn-ún kò bá a mu, ẹ dá gbogbo rẹ̀ padà, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti orí àwòrán.