Fọ́tò Ọkọ Lọ́wọ́ Ìyàwó: Ibi Tí Ìtàn Àròsọ Ti Pàdé Òfin

Ẹ fojú inú wo ọmọbìnrin kan nínú ọkọ̀ ojú omi. Fọ́tò ọkùnrin kan ló dì mú. Ọkọ rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kò tíì fojú kàn án rí. Ẹni tó bá ń ka ìtàn àròsọ nípa àwọn ará Japan tó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà máa pàdé ọmọbìnrin yìí láìpẹ́. Òǹkọ̀wé ló sọ ọ́ lórúkọ. Àmọ́ fọ́tò yẹn kì í ṣe àròsọ. Ìjọba méjì ló wà nídìí rẹ̀.

Láàárín 1907 sí 1908, Japan àti Amẹ́ríkà ṣàdéhùn. Japan kò ní fún àwọn lébìrà ní ìwé ìrìnnà sí Amẹ́ríkà mọ́, ṣùgbọ́n ìyàwó, ọmọ àti òbí àwọn tó ti wà níbẹ̀ lè lọ bá wọn. Àpọ́n sì pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ oko ní California, owó ọkọ̀ tí wọn ì bá fi padà lọ gbéyàwó sì wọ́n wọn. Ni wọ́n bá ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sílé. Alárinà á gbé e lọ, ẹbí á fohùn ṣọ̀kan, wọ́n á kọ orúkọ ìyàwó sínú ìwé ìdílé ọkọ. Ìgbéyàwó ti parí nìyẹn, ojú ọkọ kò sí níbẹ̀. Àwọn ìyàwó kan gúnlẹ̀, wọ́n rí i pé fọ́tò ìgbà èwe ni ọkùnrin náà fi ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí gan-an. Ibo ni wọ́n fẹ́ padà sí?

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń dúró lórí ohun kékeré nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kí n bèèrè pé: ta ló fà á? Bí òǹkọ̀wé bá ní ìyàwó fọ́tò dé San Francisco ní 1930, ẹ fura. Japan ti dá ìwé ìrìnnà wọn dúró ní 1920, òfin Amẹ́ríkà ti 1924 sì ti ilẹ̀kùn. Bí bàbá kan bá fi orúkọ ọmọ rẹ̀ ra oko, òfin California ti 1913 ni ẹ ń wò: ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́ láti di ọmọ Amẹ́ríkà, bí àwọn tó ti Japan wá, kò gbọdọ̀ ra ilẹ̀ oko, ọmọ tó bí síbẹ̀ sì lè rà á.

Ibi tí mo ti máa ń pa ìwé dé ná ni ibùso ẹṣin. Ní ọjọ́ 7, oṣù Kejìlá, 1941, Japan ju bọ́ǹbù sí Pearl Harbor, ibùdó ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà ní Hawaii. Ní ọjọ́ 19, oṣù Kejì, 1942, Ààrẹ Franklin Roosevelt fọwọ́ sí Àṣẹ 9066, tó fún àwọn ológun lágbára láti lé ènìyàn kúrò ní agbègbè tí wọ́n bá yàn. Nǹkan bí 120,000 ènìyàn tí ìran wọn wá láti Japan ni wọ́n lé kúrò nílé, ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn sì jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà. Kìkì ohun tí ọwọ́ wọn ká ni wọ́n gbé. Wọ́n kọ́kọ́ kó àwọn kan lọ sí Tanforan, pápá eré ẹṣin kan nítòsí San Francisco. Àwọn ìdílé kan sùn nínú ibùso tí wọ́n ti kó ẹṣin kúrò. Wọ́n fi ẹfun kun ògiri, òórùn ẹṣin kò lọ.

Nínú ìwé ìtàn àròsọ When the Emperor Was Divine, tó jáde ní 2002, Julie Otsuka mú ìdílé kan gba Tanforan kọjá lọ sí Topaz, àgọ́ tí wọ́n há irú wọn mọ́ ní aṣálẹ̀ Utah, kò sì sọ wọ́n lórúkọ. Nọ́ńbà ni wọ́n so mọ́ ẹ̀wù àwọn ènìyàn gidi náà. Ẹ tún ka Àṣẹ 9066 láti òkè dé ìsàlẹ̀: kò sí "ará Japan" níbẹ̀ rárá. Àkọsílẹ̀ ìjọba kò dárúkọ ẹni tó fẹ́ kó. Ìtàn àròsọ ló jẹ́ ká jókòó tì wọ́n nínú ibùso yẹn.

Ìjọba kan náà gba ayafọ́tò kan, Dorothea Lange, síṣẹ́ láti ya fọ́tò wọn, àwọn ológun sì fi ọ̀pọ̀ fọ́tò náà pamọ́ títí ogun fi parí. Wọ́n ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí. Bí ẹ bá ka ìwé náà tán, ẹ wá wọn lọ. Ẹ wo páálí nọ́ńbà tó so mọ́ ẹ̀wù àwọn ọmọdé.