Ìwé Ìmúni Kì í Ṣe Ìwé Ìdájọ́: Bí A Ṣe Ń Wá Èèyàn Wa ní Àtìmọ́lé Ìgbèríko Georgia

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọmọ Yorùbá sọ ní Atlanta lọ́sàn-án Sátidé kan ni mo tún kọ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò lè wá. Àwọn àwàdà ibẹ̀, mo fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.)

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Alága ní ogójì ìṣẹ́jú ni tèmi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi ń kí èèyàn, ẹ jẹ́ ká tètè bẹ̀rẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, lọ́yà kan dúró síbi tí mo dúró sí yìí, ó ní bí wọ́n bá mú èèyàn wa, ká ṣáà ti tẹ orúkọ rẹ̀ sí Google. Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá náà, agbádá tó wọ̀ lọ́jọ́ yẹn sì dáa. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé lọ́dọ̀ àwọn lọ́yà, mo mọ ibi tí ìmọ̀ràn yẹn ń gbé èèyàn lọ. Ọ̀dọ̀ àwọn oníṣòwò ni, tí wọ́n á gba dọ́là lọ́wọ́ yín kí wọ́n tó fi ohun tí ṣẹ́rífù, olórí agbófinró káúńtì tó ń bójú tó àtìmọ́lé ibẹ̀, ń fi hàn lọ́fẹ̀ẹ́ hàn yín.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti òru Jímọ́ kan. Àbúrò yín ń wakọ̀ lọ sí Florida lórí òpópónà I-75, ó ti kọjá Macon. Aago mọ́kànlá, fóònù dún: “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti dá mi dúró o.” Fóònù kú. Ta lẹ máa pè?

(Ẹnìkan láti ẹ̀yìn: “Pásítọ̀!” Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín.)

Ẹ pe pásítọ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo máàpù. Káúńtì, bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa nílé, 159 ló wà ní Georgia. Texas nìkan ló ní jù bẹ́ẹ̀ lọ, 254 ni tiwọn. Àwọn káúńtì wa kéré débi pé kí orin mélòó kan tó parí nínú ọkọ̀, ẹ ti lè kúrò nínú ọ̀kan bọ́ sínú òmíràn. State Patrol, ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ tó dá a dúró, kò ní àtìmọ́lé tirẹ̀. Káúńtì tí wọ́n ti mú un ni wọ́n máa gbé e lọ, lọ́dọ̀ ṣẹ́rífù ibẹ̀. Àwọn káúńtì kéékèèké kan kò tiẹ̀ ní àtìmọ́lé, ti aládùúgbò wọn ni wọ́n ń sanwó lò. Torí náà, ibi tí wọ́n ti mú un lẹ máa kọ́kọ́ wá, kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Exit wo, ìyẹn ọ̀nà àbájáde, ló kọjá kẹ́yìn? Nọ́ńbà exit ní Georgia, iye máìlì ni, láti ẹnu ààlà Florida ni I-75 sì ti ń kà á. Ẹ gbé nọ́ńbà yẹn sórí máàpù, káúńtì á jáde.

Ohun kejì, èdè wa ti ràn wá lọ́wọ́ níbẹ̀, àwa la ò lò ó. Yorùbá ní àtìmọ́lé, Yorùbá ní ẹ̀wọ̀n. Ẹni tí kóòtù kò tíì dá lẹ́jọ́, àtìmọ́lé ló wà. Síbẹ̀, ojúlé ìjọba ìpínlẹ̀ tó wà fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n làwọn èèyàn wa ń sáré lọ wò, wọn ò rí orúkọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún pé wọ́n ti pa ọmọ àwọn. Kò sí níbẹ̀ torí kò tíì jẹ̀bi! Lísìtì àwọn tó wà ní àtìmọ́lé káúńtì ni kẹ́ ẹ wò. Bí ṣẹ́rífù náà kò bá ní lísìtì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà fóònù àtìmọ́lé wà, ẹnìkan sì máa ń gbé e lóru.

Wàyí o, orúkọ. Ká sọ pé orúkọ àbúrò yín ni Olúwadámilọ́lá Adéyẹmí-Bákàrè. Ẹ tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, ó ní kò sí. Ẹ fojú inú wo ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Aago kan òru ni. Ọmọkùnrin kan tí orúkọ tó le jù tó tíì kọ rí kò ju McCullough lọ ló jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó ń tẹ láísẹ́ǹsì síwá sẹ́yìn lábẹ́ iná, àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún orúkọ sì kéré. Mo ti rí OLUWADAMIL, tí ìyókù já sínú afẹ́fẹ́. Mo ti rí èyí tí orúkọ ìdílé àti orúkọ àbísọ gbapò ara wọn, torí pé páspọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni wọ́n wò, orúkọ ìdílé ló sì ṣáájú níbẹ̀. Ẹ tẹ lẹ́tà mẹ́ta péré: “Ade”. Bí kò bá jáde, “Bak”. Bí kò bá tún jáde, ẹ tẹ “Olu” sí àyè orúkọ ìdílé. Ní Ìbàdàn, “Ade” á kó ìdajì àdúgbò jáde. Ní káúńtì yẹn, ẹnìkan ṣoṣo ló máa jáde, tiyín ni. Bó bá sì jẹ́ fóònù lẹ fi ń béèrè, ẹ sọ ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ọjọ́ ìbí kì í ní àmì ohùn.

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbọ́ ọ rí, ẹ foríjì mí. Tábìlì mẹ́ta ló wà, ìwé tirẹ̀ ló sì wà lórí kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó mú un kọ ìròyìn ohun tó ní òun rí. Ṣẹ́rífù tó tì í mọ́lé kọ ọjọ́, wákàtí, ẹ̀sùn àti iye béèlì. Akọ̀wé kóòtù, Clerk of Superior Court, ló ní fáìlì ẹjọ́ (ọ̀ràn ojú pópó lè wà ní Probate Court láwọn káúńtì kéékèèké). Ìbò ló gbé ṣẹ́rífù wọlé, ìbò ló gbé akọ̀wé wọlé, kò sí èyí tó jẹ́ ọ̀gá èkejì, kò sì sí èyí tó ń bá èkejì tún ìwé rẹ̀ ṣe. Bẹ́ ẹ bá bi ṣẹ́rífù léèrè bí ẹjọ́ ṣe parí tó ní òun ò mọ̀, kò parọ́ fún yín.

Ìwé ìmúni kì í ṣe ìwé ìdájọ́! Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹnu ẹnìkan péré ló wà nínú ìwé ìmúni. Àwọn oníṣòwò orí íntánẹ́ẹ̀tì ń kó ohun tó wà lórí tábìlì kejì lóru tí wọ́n mú ọmọ yín, wọn kì í padà wá kó ti tábìlì kẹta lọ́jọ́ tí adájọ́ ní kó máa lọ sílé. Mo ti sọ èyí níbi ìsìnkú rí, ìyàwó mi ló fà mí láṣọ.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ìwé náà lọ́wọ́, òfin wà. Ọ́fíìsì tí ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta láti dá yín lóhùn. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́ tí wọ́n bá fi wá a, ọ̀fẹ́ ni. Sẹ́ńtì mẹ́wàá ni ojú ewé kan. Ẹ lè fẹnu béèrè, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ̀, èyí tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀ nìkan lẹ lè fi pè wọ́n lẹ́jọ́, ẹ kọ ọ́. Bí wọ́n bá ní ìwádìí ń lọ lọ́wọ́, ìyẹn lè bo ìyókù fáìlì, kò bo ìwé ìmúni àkọ́kọ́ àti ìròyìn ìṣẹ̀lẹ̀ àkọ́kọ́.

Alága ti ń wo aago. Ojú ewé mẹ́rin ló kù lọ́wọ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sáré. Ẹni tí wọ́n mú láìsí wáráǹtì gbọ́dọ̀ fojú kan adájọ́ láàárín wákàtí 48. Bí wáráǹtì bá wà, 72. Ẹni tó bá pè yín pé ọ́fíìsì ṣẹ́rífù lòun ti ń pè, kẹ́ ẹ fi gift card san béèlì, olè ni, orí lísìtì kan náà ló ti rí orúkọ ọmọ yín. Bí orúkọ bá ṣàdédé pòórá tí ọmọ kò sì délé, ẹ wo ojúlé ICE, àwọn agbófinró ìjọba àpapọ̀ tó ń mú àjèjì lórí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú. Orúkọ àti orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti bí i ni wọ́n ń béèrè. Fọ́ọ̀mù tá a fi ń gba ọmọ ìlú, ó ń béèrè gbogbo ìgbà tí wọ́n mú yín, títí kan èyí tí kóòtù ti bò mọ́lẹ̀. Ẹ má parọ́ níbẹ̀.

Màmá kan dìde. “Ẹ ṣé, ọmọ mi. Ti ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ńkọ́? Kóòtù àwọn ọmọdé ni mo pè, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ ọ́n.”

Mo kó ìwé mi sílẹ̀. Màmá, òótọ́ ni wọ́n sọ. Bó bá kan ẹ̀sùn ọ̀daràn, àgbà ni Georgia ka ọmọ ọdún 17 sí. Lísìtì àwọn àgbà lórúkọ rẹ̀ máa wà.

Màmá ní àwọn ti rí i níbẹ̀. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ. Adájọ́ ti fagi lé ẹjọ́ náà, ṣùgbọ́n fọ́tò ọmọ náà ṣì wà lórí ojúlé kan, ilé iṣẹ́ tó fẹ́ gbà á sì ti rí i.

Mo bi wọ́n: ṣé ìwé tó fi hàn pé wọ́n fagi lé e wà lọ́wọ́ yín? Wọ́n ní rárá, ẹnu ni lọ́yà fi sọ fún àwọn.

Màmá, òfin 2013 ní kí ojúlé bẹ́ẹ̀ yọ fọ́tò ẹni tí wọ́n fagi lé ẹjọ́ rẹ̀ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, láìgba kọ́bọ̀. Lẹ́tà lẹ máa kọ, kẹ́ ẹ fi í ránṣẹ́ ní certified mail, èyí tí ilé ìfìwéránṣẹ́ ń fún yín ní ẹ̀rí rẹ̀. Ẹ kọ èyí sínú rẹ̀: orúkọ, ọjọ́ ìbí, ọjọ́ tí wọ́n mú un, àwọn tó mú un. Ọjọ́ yẹn àti àwọn tó mú un, tábìlì kejì. Ìwé tó ní ẹjọ́ ti parí, tábìlì kẹta, ẹ gba èyí tó ní òǹtẹ̀ kóòtù, ẹ fún ilé iṣẹ́ náà ní ẹ̀dà kan.

Alága ní àsìkò tán. Wọ́n ti ń kó àga. Èmi àti màmá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn kúlà, mo kọ lẹ́tà náà sẹ́yìn ìwé ètò ọjọ́ náà, wọ́n ń pe orúkọ ọmọ wọn fún mi ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, bí ṣẹ́rífù ṣe kọ ọ́.