Ilé Ní Ayàwòrán, Ilẹ̀ Ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń parí ẹ̀kọ́ wọn àti àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ wa sọ n'Ìbàdàn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu mi, títí kan ìbéèrè tó yí gbogbo rẹ̀ padà kí àkókò tó tán.

Ẹ káàsán o. Ẹ kú ìjókòó.

Ilé. Ilẹ̀. Àmì ohùn àti ìsàlẹ̀ lẹ́tà kan ló ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀, àmọ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe jìnnà síra wọn tó lẹ́nu iṣẹ́. Bí ẹnìkan bá ní ayàwòrán ilé lòun, kò sẹ́ni tí yóò bi í pé kí nìyẹn. Bí mo bá ní ayàwòrán ilẹ̀ ni mí, pé landscape architect ni mí, ẹni tó ń ṣètò bí omi, igi àti ọ̀nà yóò ṣe wà lórí ilẹ̀, ìbéèrè tó máa ń tẹ̀ lé e ni pé, "Ṣé ẹ̀yin lẹ máa ń gbin òdòdó?" Ilé ní ayàwòrán, ó ní ẹnjiníà, ó ní bíríkìlà. Ilẹ̀ tí ilé yẹn jókòó lé, ta ló ni í?

Ohun kan ṣoṣo ni mo wá sọ, ẹ ó sì máa gbọ́ ọ lẹ́nu mi títí n ó fi jókòó: ẹni tí wọ́n bá pè kẹ́yìn, òdòdó ni wọn yóò fún un gbìn. Kí wọ́n tó kan èèkàn àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀ ló yẹ ká ti débẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi òjò ṣe ìṣirò. Púlọ́ọ̀tì kan n'Ìbàdàn yìí, ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, jẹ́ nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 464. Tí òjò bá rọ̀ tó mìlímítà 50, lítà omi 50 ló bọ́ sórí mítà kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ lítà 23,200. Ẹ mọ tánkì dúdú onílítà 1,000 tí à ń gbé sórí òpó lẹ́yìnkùlé. Òjò ọ̀sán kan lè rọ 23 irú rẹ̀ kún lórí púlọ́ọ̀tì ẹnìkan, kí omi sì tún ṣẹ́ kù. Tí ilẹ̀ bá ṣí sílẹ̀, tí koríko àti igi wà lórí rẹ̀, púpọ̀ nínú omi yẹn á wọlẹ̀. Ṣùgbọ́n tí òrùlé bá gba ìdajì, tí ìntálọ́ọ̀kì àti kọnkéré sì gba ìyókù, ibo ni omi fẹ́ gbà? Ilé aládùúgbò ni. Aládùúgbò náà ti da kọnkéré tirẹ̀, ó sì ti omi méjèèjì sí ẹni kẹta. Títì ló parí sí, títì dà á sí gọ́tà, gọ́tà dà á sódò.

Mi ò ní sọ ìtàn àkúnya odò Ògùnpa fún ẹ̀yin ọmọ Ìbàdàn. Ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, àwọn òbí yín ti sọ ọ́ fún yín. Ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 tí omi tún ya ìlú, ẹ̀yin fúnra yín rántí rẹ̀. Ní 2014 Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí mílíọ̀nù 200 dọ́là láti yá wa fún iṣẹ́ àkúnya omi ìlú yìí. Inú mi dùn sí afárá tí wọ́n tún ṣe àti odò tí wọ́n là. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ odò ni gbogbo ìyẹn wà. Òkè ni omi ti ń bẹ̀rẹ̀, ní àgbàlá yín àti tèmi, òkè yẹn sì ni iṣẹ́ wa wà.

Àwọn kan ń bẹ nínú iṣẹ́ ilé kíkọ́ tí wọ́n gbà pé ilẹ̀ tí kò bá ní ìntálọ́ọ̀kì lórí, ilẹ̀ ìdọ̀tí ni. Wọ́n á ní ó mọ́ tónítóní, ẹrẹ̀ ò sí, ejò ò ní ráyè sá pamọ́. Mo ti bá wọn jiyàn nípàdé lọ́pọ̀ ìgbà, mo ṣì máa bá wọn jiyàn. Ẹ ò lè fi ẹ̀rù ejò ri gbogbo ìlú sínú omi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí. Ọ̀gá kan kọ́ ilé sí ìsàlẹ̀ ibi tó dà gẹ̀rẹ́. Ilé náà rẹwà. Ó pè mí nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n ṣí i. Mo dúró ní géètì, mo wòkè, mo rí i pé gbogbo omi àdúgbò ń wo pálọ̀ rẹ̀ lójú kòrókòró. Mo sọ fún un. Ó ní, "Ẹ bá mi wá òdòdó tó máa ń fa omi mu." Ọmọdé ni mí lẹ́nu iṣẹ́ nígbà yẹn, owó ilé ń jẹ mí níyà, mo gbìn ín. Mo gbin ixora, mo gbin yellow bush, mo tẹ́ carpet grass láti géètì dé ẹnu ọ̀nà. Òjò kẹta ọdún yẹn kó gbogbo rẹ̀ wọ pálọ̀, ẹrẹ̀ àti òdòdó pọ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. Èmi ni wọ́n dá lẹ́bi. Nígbà tí wọ́n wá gbà pé kí n ṣe iṣẹ́ náà bó ṣe yẹ, a wú ìntálọ́ọ̀kì tó kù nínú àgbàlá, a la ojú omi yí ilé ká, a wa kòtò fífẹ̀ kan tí kò jìn sí ẹ̀gbẹ́ fẹ́ńsì kí omi lè dúró níbẹ̀ kó sì máa rì díẹ̀díẹ̀. Ohun tí ìlà pẹ́ńsùlù kan ìbá ti yanjú kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, katakata ló wá ṣe é.

Ẹnìkan lè sọ pé àṣejù òyìnbó ni kí ayàwòrán ilẹ̀ kọ́kọ́ dé. Ẹ wo Àbújá. Nínú ilé iṣẹ́ mẹ́ta tó para pọ̀ ṣe ètò ìlú náà, èyí tó jáde ní 1979, ti Ian McHarg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ọmọ Scotland tó fi Amẹ́ríkà ṣe ibùjókòó ni McHarg, ayàwòrán ilẹ̀ sì ni. Ọ̀nà tó fi gbajúmọ̀ kò le láti lóye: ya àwòrán àpáta lọ́tọ̀, ti omi lọ́tọ̀, ti erùpẹ̀ lọ́tọ̀, ti igbó lọ́tọ̀, kó wọn léra, kó o wá wo ibi tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ gbà kí ilé wà. Nígbà tí Nàìjíríà fẹ́ kọ́ olú ìlú, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló pè síbi tábìlì àkọ́kọ́. Kí ló dé tí onípúlọ́ọ̀tì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Àwa náà kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ta ló ní kí wọ́n gbin odán sójú ọjà? Ẹni tó mọ̀ pé òòrùn ọ̀sán yóò lé oníbàárà lọ ni. Ta ló fi pèrègún ṣe ààlà ilẹ̀? Ẹni tó mọ̀ pé òkúta ṣeé gbé, ṣùgbọ́n pèrègún á máa ta gbòǹgbò ni. Ojúde ọba tí a fi sílẹ̀ láìkọ́lé sí, ètò ni. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo tó hẹ́kítà 75, tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005, ẹ má pè é ní igbó tó kàn ṣẹ́ kù. Àwọn èèyàn pinnu pé a kì í gé igi níbẹ̀, pé ọ̀nà ibí ni à ń gbà, pé etí odò yìí ni à ń dúró sí. Ìpinnu bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ayàwòrán ilẹ̀. Kò sí bébà nígbà náà ni.

Mo ti pẹ́ jù lórí èyí, wọ́n ti ń fi aago hàn mí. Ẹ jẹ́ ká wá sórí owó.

Ẹ má ṣe wo ilẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ibí ni ebi ti ń pa àwọn ọ̀dọ́ wa. Oníbàárà á ní, "Ẹ kàn bá mi yà síbẹ̀, ẹ wò ó." O yà síbẹ̀, o fẹnu sọ gbogbo ohun tó yẹ kó ṣe, ó dúpẹ́, ó fún ọ ní mínírà, ó sì lọ fi ọ̀rọ̀ rẹ gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíì. Ọgbọ́n rẹ lo fi mínírà tà yẹn. Pe owó ìwòlẹ̀ kí o tó wọkọ̀. Tí ó bá ṣeé ṣe, lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ òjò, wọ bàtà rọ́bà, kí o rí ibi tí omi ń gbà wọlé àti ibi tó ń dúró sí. Kọ ohun tí o rí sórí bébà ojú méjì, kó o sì fún un. Ìyẹn nìkan, iṣẹ́ tó dá dúró ni, tó lówó tirẹ̀. Tó bá fẹ́ kí o yàwòrán, owó mìíràn nìyẹn. Tó bá fẹ́ kí o dúró ti àwọn òṣìṣẹ́, owó mìíràn tún ni.

Ìyókù, mo máa sáré sọ ọ́. Máṣe gba iṣẹ́ láìsí ìwé àdéhùn, ìbáà jẹ́ ti àbúrò ìyá rẹ. Ya fọ́tò iṣẹ́ rẹ lọ́jọ́ tó parí, kó o tún padà lọ yà á lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, nítorí igi ọdún mẹ́ta ló ń sọ irú ẹni tí o jẹ́. Ẹ dara pọ̀ mọ́ SLAN, ẹgbẹ́ àwa ayàwòrán ilẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá fẹ́ já pa, kó mọ̀ pé LARE, ìdánwò tí ayàwòrán ilẹ̀ fi ń gba ìwé àṣẹ iṣẹ́, ń dúró dè é ní Amẹ́ríkà, pé ọ̀dọ̀ Landscape Institute, ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Ìlú Ọba, ni yóò sì ti gba oyè chartered níbẹ̀. Dígírì nìkan kò tó. Ẹni tó sì ń rò pé òun ti dàgbà jù láti yà sí iṣẹ́ yìí, kó rántí Frederick Law Olmsted, ayàwòrán ilẹ̀ ará Amẹ́ríkà tó lókìkí. Ó ti dáko, ó ti kọ̀wé ìròyìn, ó ti pé ọdún 35 kó tó dé ibi iṣẹ́ Central Park, ọgbà ìtura ńlá ní New York, lọ́dún 1857. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwòrán tí òun àti Calvert Vaux, ayàwòrán ilé, jọ yà ló gbégbá orókè nínú ìdíje fún ọgbà náà.

Mo fẹ́ bọ́ sórí ìforúkọsílẹ̀ ayàwòrán ilẹ̀ lábẹ́ òfin, ni bàbá kan bá nàka sókè lẹ́yìn.

"Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Mo ti ń ta igi àti òdòdó lẹ́bàá títì kí wọ́n tó bí àwọn ọmọ yìí. Ẹ ní ẹni tí wọ́n bá pè kẹ́yìn ni wọ́n ń fún ní òdòdó gbìn. Ẹ̀yìn yín ni wọ́n ń pe èmi. Ayàwòrán á mú bébà wá, orúkọ igi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á wà nínú rẹ̀, mẹ́wàá ò sí n'Ìbàdàn. Wọ́n á ní kí n wá èyí tó jọ ọ́. Màá wá a, wọ́n á gbìn ín ní oṣù kọkànlá, òjò ti lọ, kò sẹ́ni tí yóò bu omi sí i. Tó bá fi máa di oṣù kìíní, ó ti kú. Wọ́n á ní igi tó ti ń kú ni mo tà fún wọn. Ta ni yóò kọ́kọ́ pe èmi?"

Gbọ̀ngàn náà dákẹ́.

Mo kọjú sí bàbá, mo tọrọ àforíjì. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn mí nítorí òótọ́ ni. Mo ti fi odindi wákàtí kan sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òdòdó gbígbìn jẹ́ ìyà tí wọ́n fi ń jẹ ẹni tó pẹ́ dé, àwọn tó ń jẹun nídìí rẹ̀ sì jókòó síwájú mi. Ohun tí mò ń bẹ ayàwòrán ilé pé kó máa ṣe fún wa, àwa náà kò ṣe é fún bàbá.

Ni mo bá ká ìwé mi. Mo bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé ta ló lè sọ igi tí a lè gé ẹ̀ka rẹ̀ gbìn láìwá èso. Ọwọ́ mẹ́ta péré ló nà sókè. Bàbá ló dá wa lóhùn: odán, akòko, pèrègún, gé e, rì í mọ́lẹ̀ nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó ní igi tí a bá gbìn ní oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún á ti ta gbòǹgbò kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, àti pé ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ ló ń pa igi. Tó bá la ìyẹn kọjá, ó di ti onílé. Mo fi kún un pé nínú gbogbo ìwé àdéhùn, kí owó omi àti ìtọ́jú ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ wà níbẹ̀, kí orúkọ ẹni tó ta igi náà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú owó tirẹ̀.

Ọmọbìnrin kan dìde. "Sà, tí oníbàárà bá ní òun ò lówó ìwòlẹ̀, òdòdó nìkan lòun fẹ́, kí ni màá ṣe? Mo ní ilé láti san owó rẹ̀."

Mo ní kó gbìn ín, kó gbowó rẹ̀, kó má sì tijú. Àmọ́ kó kọ ọ́ sílẹ̀, kí oníbàárà bu ọwọ́ lù ú, pé òun ti sọ ibi tí omi yóò gbà. Ká ní mo ní bébà yẹn lọ́jọ́ tí wọ́n ń fi ẹrẹ̀ pálọ̀ hàn mí, ọ̀rọ̀ ìbá yàtọ̀. Bàbá náà mi orí, ó ní kó tún mú oníbàárà náà wá sọ́dọ̀ òun kó tó ra ohunkóhun.

A ò dé orí ìforúkọsílẹ̀ òfin mọ́. Kí a tó túká, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà ti lọ bá bàbá pé àwọn fẹ́ wá kọ́ṣẹ́ nínú ọgbà rẹ̀ lásìkò ìsinmi. Ó ní kí wọ́n máa dé ní aago mẹ́fà àárọ̀, nítorí omi ni òun kọ́kọ́ máa ń bu kí òòrùn tó mú.