Orúkọ Tó Wà Lára Pátákó Òpópónà

Ẹ wo máàpù Èkó. Ọ̀nà kan gba Oregun kọjá ní Ìkẹjà. Àwọn àgbà ibẹ̀ ṣì ń pè é ní Oregun Road, ṣùgbọ́n Kudirat Abiola Way ló wà lára pátákó. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti dá ọ̀pọ̀ nínú wa dúró níbẹ̀ rí, a ò sì béèrè ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó M.K.O. Abíọ́lá ni. Ọkọ rẹ̀ ló jáwé olúborí nínú ìbò June 12, 1993, ìbò tí ìjọba ológun Babangida wọ́gi lé. Abacha gorí àlééfà ní November ọdún yẹn. Látìgbà náà, ẹni tó bá lanu sọ̀rọ̀, àtìmọ́lé ni. Ẹni tó bá lè sá, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Wọ́n ti Abíọ́lá mọ́lé ní 1994. Kudirat kò dákẹ́. Ní June 4, 1996, àwọn agbanipa dá ọkọ̀ rẹ̀ lọ́nà ní Èkó, lójúmọmọ, wọ́n yìnbọn pa á. Awakọ̀ rẹ̀ bá a lọ.

Ẹ wá gbọ́ èyí o. Láyé Abacha, ta ló jẹ́ gbé orúkọ yẹn kọ́ ní Èkó? New York ló gbé e kọ́: wọ́n sọ igun òpópónà tí iléeṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà wà níbẹ̀ di Kudirat Abiola Corner. Òṣìṣẹ́ Abacha tó bá ń lọ síbi iṣẹ́, orúkọ olóògbé ni yóò kọ́kọ́ kí i káàárọ̀! Inú bí ìjọba. Wọ́n gba Eleke Crescent lọ ní Victoria Island, níbi tí iléeṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà wà, wọ́n sọ ọ́ di Louis Farrakhan, olórí ẹgbẹ́ Mùsùlùmí aláwọ̀ dúdú kan ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá ìjọba Amẹ́ríkà lára mu. Ìjà ọmọdé gbáà. Lónìí, Walter Carrington ni òpópónà ọ̀hún ń jẹ́, aṣojú Amẹ́ríkà tó dúró ti àwọn ajàjàgbara wa nígbà náà.

Pátákó rọrùn í gbé kọ́. Ẹjọ́ ló le. Ìgbìmọ̀ Oputa, tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti wádìí ìfìyàjẹni ayé ológun, gbọ́ ẹ̀rí, ìjọba ò gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde. Ní 2012, ilé-ẹjọ́ gíga Èkó dájọ́ ikú fún Hamza Al-Mustapha, olórí ẹ̀ṣọ́ Abacha, lórí ikú Kudirat; ní 2013, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá a sílẹ̀.

Awakọ̀ yẹn ńkọ́? Mo ti gba Oregun lọ, mo ti gbà á bọ̀. N ò tíì rí pátákó tirẹ̀.